Àbújá sí Èkó nínú báàlù: kìlómítà mélòó, wákàtí mélòó, ìgbà wo ni ká kúrò ní Kàbà?

Ọmọ Owé

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ìmọ̀ràn ẹni tó mọ̀ nípa ìrìn báàlù. Bàbá wa tó jẹ́ ẹni ọdún 74 ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Kejìlá. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn láti Èkó: aago 11:20 alẹ́ ni báàlù máa gbéra, aago 4:55 ìdájí ni wọ́n kọ pé ó máa balẹ̀. Ó ku báàlù Àbújá sí Èkó tí a máa rà lọ́tọ̀, torí Kàbà ni wọ́n ti ń bọ̀.

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí. Ibì kan lórí ayélujára ní kìlómítà 511 ni Àbújá sí Èkó, ibì kan ní 276, ibòmíràn ní ó lé ní 700. Ní ti àsìkò, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 41, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15. Èwo ni ká dì mú? Báàlù aago 1:15 ọ̀sán wà, ti aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ náà wà, ti ìrọ̀lẹ́ sì dínwó díẹ̀. Ìgbà wo ni kí bàbá kúrò nílé?

Ará Gbẹ́dẹ̀

Kò sí èyí tó parọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá na okùn tààrà lókè láti pápá báàlù Àbújá dé ti Ìkẹjà, 511 ni kìlómítà rẹ̀. 276 yẹn, ibẹ̀ náà ni. Máìlì ojú òkun tí àwọn awabáàlù ń lò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Máìlì ojú òkun kan jẹ́ kìlómítà 1.852. Ẹ sọ 276 di ìlọ́po 1.852, 511 lẹ máa bá níbẹ̀. Bí ẹ bá tún rí 318 níbì kan, máìlì ti títì nìyẹn. Èyí tó lé ní 700 ni ti ọkọ̀ ilẹ̀, torí títì kì í lọ tààrà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ó fúnra rẹ̀, kò le. Pápá báàlù Àbújá wà ní ìwọ̀n (dígírì lórí àwòrán ilẹ̀ ayé) 9.01 sí àríwá àti 7.26 sí ìlà oòrùn. Ti Èkó wà ní 6.58 àti 3.32. Ẹ yọ kékeré nínú ńlá, ẹ máa rí 2.43 àti 3.94. Ìwọ̀n kan láti àríwá sí gúúsù jẹ́ kìlómítà 111. Láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ní agbègbè tiwa níbí, bíi 110 ni. Ìyẹn fún yín ní 270 àti 433. Ẹ sọ oníkálukú di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀: 510.

Ní ti àsìkò, ẹ fi 800, ìyẹn kìlómítà tí báàlù ń sá ní wákàtí kan, pín kìlómítà ọ̀nà náà, ẹ fi ìṣẹ́jú 30 kún un. Ó máa fún yín ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 8. Kò jìnnà sí ti tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyàrà Lókè

Ará Gbẹ́dẹ̀, ìṣirò yín dára fún báàlù ńlá, àmọ́ kò ṣeé lò fún gbogbo báàlù. Èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, irú ATR 72 tó máa ń ná àwọn pápá kéékèèké, kìlómítà bíi 500 ló ń sá ní wákàtí kan, kì í ṣe 800. Bí ẹ bá fi 800 pín tirẹ̀, ó máa tàn yín jẹ.

Ọmọ Owé, ìṣẹ́jú 41 yẹn, kọ̀ǹpútà kan ló fi 750 pín 511. Ó ṣe é bíi pé báàlù ti wà lórí eré kó tó kúrò lẹ́nu géètì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Àsìkò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti báàlù sẹ́yìn kúrò níbi ìgúnlẹ̀ rẹ̀ ní Àbújá, ó parí nígbà tó bá dúró pátápátá ní Ìkẹjà. Nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15 máa bá rírìn lórí ilẹ̀ lọ kó tó fò, òmíràn sì máa bá a lọ lẹ́yìn tó bá balẹ̀. Èyí tó lò lójú òfurufú gan-an kì í sábà ju ìṣẹ́jú 50 sí 55 lọ.

Nínú ìṣẹ́jú 50 yẹn pàápàá, eré kíkún kò pọ̀. Báàlù tó bá gun òkè dé ẹsẹ̀ bàtà 33,000 máa ná bíi kìlómítà 180 kó tó gùn ún tán. Láti sọ̀kalẹ̀, òfin wọn ni pé ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kan gba máìlì ojú òkun 3, nítorí náà 33,000 gba bíi 100, ìyẹn kìlómítà 185. Ẹ yọ méjèèjì kúrò nínú 511. Kìlómítà bíi 150 ló ṣẹ́ kù tí báàlù fi sáré geerege, ìṣẹ́jú 11 péré. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé ife tíì wá, kó yára mu ún.

Ohun méjì ló tún ń fi ìṣẹ́jú kún un. Àwọn rọ́ńwéè Èkó, títì tí báàlù ń sáré lé lórí láti gbéra tàbí balẹ̀, dojú kọ àríwá àti gúúsù. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti gúúsù, báàlù Àbújá ń gba ojú òfurufú ìpínlẹ̀ Ògùn wọlé wẹ́rẹ́. Bó bá yí padà tó ń fẹ́ láti àríwá, bó ṣe lè ṣe lásìkò ọyẹ́, báàlù máa kọjá ìlú lọ sápá òkun kó tó yí wá balẹ̀. Èkejì ni pé rọ́ńwéè méjì ló wà ní Èkó. Bó bá balẹ̀ sórí èyí tó gùn, tó wà lápá ibi tí wọ́n ti ń lọ sí òkè òkun, ìrìn ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibi ìgúnlẹ̀ báàlù abẹ́lé kò kéré.

Màmá Ìsánlú

Ọmọ mi, kí ló dé tó jẹ́ Àbújá? Ìlọrin ni kí ẹ gbà. Ẹ gba Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, kí ẹ já sí Ọmù-Àrán, ẹ ti dé. Láti Ìlọrin sí Èkó lókè, kìlómítà 243 ni, kò tó ìdajì ti Àbújá. Àkúrẹ́ náà kò burú fún ará Ìjùmú, ẹ gba Ọ̀mùò àti Adó. 231 ni tiẹ̀. Bí ẹ bá gba ibẹ̀, ojú Èkó lẹ kọ sí látilẹ̀. Àbújá tí ẹ ń lọ yẹn, ẹ̀yìn lẹ ń padà sí. Láti Kàbà sí Ìkẹjà tààrà lókè, bíi 335 ni gbogbo rẹ̀.

Ìyàrà Lókè

Òótọ́ ni màmá sọ nípa kìlómítà. Àmọ́ ẹ má rò pé ìdajì ọ̀nà túmọ̀ sí ìdajì àsìkò. Ìlọrin sí Èkó máa gba ìṣẹ́jú 45 sí 50 lórí tíkẹ́ẹ̀tì, torí ìrìn ilẹ̀, gígùn òkè àti títò láti balẹ̀ kò dín kù nítorí pé ọ̀nà kúrú. Èrè tí ẹ rí níbẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 25 sí 30 lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ni Iṣẹ́ Mi

Kì í ṣe ìṣẹ́jú 25 sí 30 ló yẹ ká máa jiyàn lé, màmá. Iye báàlù tó ń lọ lójúmọ́ ni. Àbújá sí Èkó ni ọ̀nà tí báàlù ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Láti ìdájí dé alẹ́ ni wọ́n ń lọ, ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi. Bí ọ̀kan bá já yín kulẹ̀, ẹ lè ra òmíràn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ máa gbówó lórí. Ìlọrin àti Àkúrẹ́, ìwọ̀nba ni tiwọn. Wọ́n lè sún báàlù ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì lè fagi lé e, kó jẹ́ ọ̀la ni èyí tó kàn. Ọ̀pọ̀ pápá kéékèèké ni kì í gba báàlù mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Fún ẹni tó ń lọ ṣe ìgbéyàwó ní Èkó, Ìlọrin dára. Fún ẹni tí báàlù Lọ́ńdọ̀nù ń dúró dè lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn, àfi tí wọ́n bá máa sùn sí Èkó.

Ọmọ Owé, èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ kan yín lójú: tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ní. Bí báàlù abẹ́lé bá pẹ́, tí bàbá pàdánù ti Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ kejì kò jẹ yín ní nǹkan kan. Lójú wọn, ẹni tí kò wá ni bàbá. Ká ní orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni méjèèjì wà ni, àwọn ló máa wá báàlù mìíràn fún wọn.

Ẹrù ńkọ́? Báàlù abẹ́lé sábà máa ń fún èèyàn ní kìlógíráàmù 20 tàbí 23. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó ń fúnni ní àpótí méjì, 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá gbé 46 dé Àbújá, wọ́n máa san owó lórí kìló 23 tàbí 26 tó lé, kìló kọ̀ọ̀kan lówó tiẹ̀. Ẹ wọn ẹrù nílé. Èyí tó wúwo, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí ní Èkó ṣáájú, kí wọ́n gbé e wá pàdé wọn. Kí ẹ sì rántí pé ẹrù kò ní bá a lọ tààrà: bàbá máa gbà á jáde ní Ìkẹjà, wọ́n á tún un wọ̀n ní ti òkè òkun.

Bùnú l'Àbújá

Ìbéèrè kan: ṣé wọn ò lè yí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà kó bẹ̀rẹ̀ láti Àbújá? Báàlù tààrà wà láti Àbújá sí Lọ́ńdọ̀nù. Bíi kìlómítà 4,770 ni, nígbà tí Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ bíi 5,000. Ó tilẹ̀ fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin wákàtí yá. Gbogbo wàhálà Ìkẹjà yìí á sì kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Owé

A ti bèèrè. Owó tí wọ́n ní ká san kún un láti yí i padà pọ̀ ju báàlù Àbújá sí Èkó lọ. Èkó ló máa jẹ́.

Awakọ̀ Ọ̀bàjánà

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni àsìkò wà. Kàbà sí pápá báàlù Àbújá jẹ́ bíi kìlómítà 250. Kàbà sí Ọ̀bàjánà, títì oníkọnkéré tí wọ́n ṣe yẹn ń lọ geere, àmọ́ tírélà sìmẹ́ńtì ló ni ín. Bí méjì bá gbé ara wọn lé ẹ̀yìn lórí òkè, ìwọ náà á máa wọ́ tẹ̀lé wọn. Ẹ já sí títì Lọ́kọ́jà ní Zariagi. Lẹ́yìn Lọ́kọ́jà, láti ibi afárá Jamata dé Koton-Karfe, tírélà kan tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lè dá gbogbo ènìyàn dúró fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Abaji, Kwali, Gwagwalada.

Ibi tí àwọn àlejò ti ń ṣìnà nìyí: ẹ má wọ ìlú Àbújá rárá. Bí ẹ bá ti kọjá Gwagwalada, ẹ yà ní Giri, ẹ gba iwájú Yunifásítì Àbújá, ọ̀nà náà máa gbé yín dé pápá báàlù. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú lọ sí Zuba kó tó wá yípo, ó ti fi sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ra wàhálà.

Lọ́jọ́ tó dáa, wákàtí mẹ́rin. Ẹ kà á sí márùn-ún ààbọ̀. Kí ẹ má sì rin òru, aago 6 àárọ̀ ni kí ọkọ̀ gbéra, kí ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀rọ̀ ajínigbé lójú ọ̀nà wa kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré, àti lápá Lọ́kọ́jà àti lápá Ẹ̀gbẹ̀ sí Erùkù pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń ka èyí fún ìrìn àjò oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, kó bèèrè nípa omi kó tó jáde. Lọ́dún 2022, odò bo títì ní Koton-Karfe, ọkọ̀ kò lè kọjá. Oṣù Kejìlá kò ní ìyẹn.

Ará Gbẹ́dẹ̀

Awakọ̀ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹ ro ó pọ̀: wákàtí márùn-ún ààbọ̀ lójú títì, wákàtí kan ààbọ̀ ní pápá báàlù, wákàtí kan àti ìdá mẹ́rin nínú báàlù, ìṣẹ́jú 40 láti gba ẹrù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Kàbà ní aago 6, tó gba Ọ̀mùò, Adó, Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀, kò ní lò jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé Èkó. Owó báàlù yẹn, kí lẹ fi ń rà?

Màmá Ìsánlú

Ẹ̀yìn tí kò ní dun bàbá ni wọ́n ń rà. Ẹni ọdún 74 jókòó wákàtí mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀, kó tún wá jókòó mẹ́fà ààbọ̀ nínú báàlù mọ́jú? Ẹsẹ̀ á wú.

Awakọ̀ Ọ̀bàjánà

Àti pé, Ará Gbẹ́dẹ̀, ẹ ò ka Ìbàfò. Láti Ṣàgámù wọ Bẹ́gà, ìrọ̀lẹ́ lásán lè fi wákàtí méjì kún un. Tí ẹ bá fẹ́ rin ilẹ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ti báàlù Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ ti dé Èkó.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ni Iṣẹ́ Mi

Ó dáa, ká wá mú báàlù fún un. Káńtà báàlù abẹ́lé ń ti ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí 30 ṣáájú àsìkò ìgbéra. Ẹ wo ti ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá rà, òun ni kí ẹ fi ṣe òfin. Ti òkè òkun, ẹ kà á sí wákàtí kan gbáko. Fún aago 11:20, káńtà á ti pa ní 10:20, bàbá sì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ ní aago 8, torí ìlà ìwé ìrìnnà àti ti àyẹ̀wò kì í kúrú lálẹ́ ní Ìkẹjà.

Ti aago 4:30: bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, ó balẹ̀ ní 5:45, ẹrù jáde ní 6:20. Ẹ wá fojú inú wò ó pé ó pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta, èyí tí kì í ṣe nǹkan tuntun lábẹ́lé. Aago 9:20 lẹ ń wá takisí. Ti aago 1:15 lè pẹ́ wákàtí mẹ́rin, kí bàbá ṣì dé síbẹ̀ láìsáré. Owó tí ti ìrọ̀lẹ́ fi dín kù yẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyàrà Lókè

Mo fara mọ́ ti 1:15 ju 4:30 lọ, àmọ́ lóṣù Kejìlá, èmi ò ní rà á fún ọjọ́ kan náà. Ọyẹ́ ni. Tí eruku bá bo ojú ọ̀run, tí awakọ̀ òfurufú kò lè rí rọ́ńwéè ní ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, wọn ò ní gbéra. Kò sì ní jẹ́ ọ̀rọ̀ báàlù kan: gbogbo wọn á dúró, wọ́n á máa dì mọ́ra dé alẹ́. Ti àárọ̀ ló sábà máa ń jẹ ìyà rẹ̀ jù, àmọ́ báàlù tí kò kúrò ní Èkó láàárọ̀ ni ẹ̀yin ń retí l'Àbújá lọ́sàn-án.

Ohun kejì: rọ́ńwéè kan ṣoṣo ni Àbújá ń lò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2017, láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ti pápá náà, Kàdúná ni gbogbo báàlù ń balẹ̀ sí. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, báàlù akẹ́rù kan yọ̀ kúrò lójú rọ́ńwéè, kò sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èkó ní méjì, bí ọ̀kan bá dí, èkejì ń ṣiṣẹ́.

Torí náà, kí bàbá wọ báàlù ọ̀sán lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n sùn lọ́dọ̀ ẹbí ní Ìkẹjà tàbí Ọ̀ṣọ́dì. Bí kò bá sí ẹbí, ilé ìtura kan nítòsí pápá náà.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ni Iṣẹ́ Mi

Bí agbára bá gbé oorun alẹ́ kan, mi ò jiyàn.

Bùnú l'Àbújá

Ẹ má gbàgbé pé ibi tí báàlù Àbújá máa já wọn sí ní Èkó kọ́ ni wọ́n ti ń wọ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ilé báàlù abẹ́lé dá dúró, ti òkè òkun dá dúró, kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù, takisí ni. Abẹ́lé gan-an ju ọ̀kan lọ: MM2 wà, èyí tí wọ́n ń pè ní GAT náà wà. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa kí ẹni tó ń lọ pàdé bàbá má bàa dúró sí ọ̀kan, kí bàbá jáde ní èkejì. Bákan náà ní ti òkè òkun, wọ́n ṣí ilé tuntun lọ́dún 2022 yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ báàlù náà èwo ni tiwọn.

Ọmọ Owé

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. A máa mú ti 1:15, lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ku ohun kan tó ń jà gùdù lọ́kàn mi. 11:20 alẹ́ sí 4:55 ìdájí jẹ́ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 35. Màmá Ìsánlú ní mẹ́fà ààbọ̀. Èwo ni?

Ará Gbẹ́dẹ̀

Màmá ló gbà á. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Lóṣù Kejìlá, aago Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Nígbà tó bá jẹ́ 4:55 lọ́hùn-ún, 5:55 ni ní Kàbà, ìyẹn wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 35. Láti Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta dé Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n ń sún aago tiwọn síwájú, a sì jọ ń lo aago kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ pe bàbá láàárọ̀ kó fi èyí sọ́kàn.

Màmá Ìsánlú

Ní ti oúnjẹ: ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí wàrà sínú ẹrù wọn o. Ìjọba ọ̀hún kò gba ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á kó o dànù. Epo pupa máa wà nínú àpótí ńlá, kí ẹ fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe nínú àpò ọwọ́. Ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kò ní kọjá níbi àyẹ̀wò.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ni Iṣẹ́ Mi

Orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu, lẹ́tà kan ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Kí ẹ sì bèèrè àga oníkẹ̀kẹ́ fún bàbá lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjèèjì, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n tilẹ̀ lè rìn dáadáa, ẹni tó ń tì í mọ ibi tí ìlà ti kúrú, wọ́n sì máa ń tètè wọlé. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé káńtà kí ẹ tó bèèrè, àga lè ti tán.